Kí Ló Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ Fẹ́ Jù Nù Yẹn?

Orúkọ tí àwọn oníròyìn wa nílé fún kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Ẹ bá mi wo orúkọ náà dáadáa: ẹ̀rọ tó yára bí àṣá, tí yóò já wá láti òkè, tí yóò gbé òròmọdìyẹ lọ kí ìyá rẹ̀ tó ráyè ké. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, ìgbín gan-an á yà á sílẹ̀ lọ́nà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ lọ ro ẹ̀bà, ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ fọ abọ́, ẹ padà dé, róbótó kan ṣì ń yí lójú rẹ̀. Ọmọ ń sunkún pé iṣẹ́ iléèwé òun gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di aago méjìlá òru. Bàbá ní àfi ká ra tuntun. Ìyá ní owó wo?

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo kọ́ nílé, mo tún gba oyè kejì lórí rẹ̀ níbí ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ náà ni mo sì fi ń jẹun. Níbi ìkómọ, níbi ìsìnkú, níbi ọjọ́ ìbí, wọn kì í jẹ́ kí n jẹ ìrẹsì mi tán tí ẹnì kan á fi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, laptop mi ni o." Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn àti iṣẹ́ tí oníkálùkù ń ṣe, ó máa nira kí wọ́n tó rẹ́ ẹ jẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sì ní í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ìwé àṣírí ilé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ kò ju méjì lọ: iná wà, iná ò sí. Àwa tí a dàgbà sábẹ́ NEPA, ó yẹ ká gbọ́ èdè yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn súwíìṣì kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n kó jọ sínú rẹ̀, transistor ni wọ́n ń pè wọ́n. Tí súwíìṣì bá tàn, kọ̀ǹpútà kà á sí 1. Tó bá kú, ó kà á sí 0. Ọ̀kan ṣoṣo kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Méjì á sọ ohun mẹ́rin, mẹ́ta á sọ ohun mẹ́jọ. Tí ẹ bá to mẹ́jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀nà 256 ló wà tí wọ́n lè gbà tàn tàbí kú. Mẹ́jọ tí a tò pọ̀ yẹn là ń pè ní báìtì kan.

Nọ́ńbà 256 yẹn kì í ṣe àjèjì nílé wa. Babaláwo tó ń fi ìka tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n, ẹyọ kan tàbí ẹyọ méjì ló ń tẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, gbogbo odù tó sì lè jáde kò ju 256 lọ. Ìṣirò kan náà ni, kò fi ẹyọ kan yàtọ̀. Mo ti bá àwọn kan pàdé níbi àpèjẹ tí wọ́n ń pariwo pé ọ̀dọ̀ wa ni òyìnbó ti jí kọ̀ǹpútà gbé. Èmi ò bá wọn sọ ìyẹn, n kò sì rí ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọmọ yín bá dé láti iléèwé tó ní wọ́n kọ́ òun ní ìṣirò oní 0 àti 1, ẹ lè sọ fún un pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń fi ẹyọ kan àti ẹyọ méjì to ọ̀rọ̀ sórí tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀sìn kọ́ ni mò ń wí o, ìṣirò ni.

Báìtì kan ló ń gba lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan. A ńlá, nọ́ńbà rẹ̀ ni 65, súwíìṣì á sì tò ó sí 01000001: ìkejì tàn, ìkẹjọ tàn, àwọn yòókù kú. Ẹ wá wo tiwa. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì lábẹ́ ń gba báìtì mẹ́ta. Tí ẹ bá tún fi àmì ohùn òkè lé e lórí, ó di márùn-ún. Ẹni tó kọ ètò fún kọ̀ǹpútà tó sì gbà pé báìtì kan tó lẹ́tà kan, òun ló sọ orúkọ yín di àmì ìbéèrè lórí fọ́ọ̀mù. Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà, nọ́ńbà ló gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí àpótí. Nílé, tí wọ́n bá ní "ẹ bá mi gbé CPU yẹn wá", odidi àpótí tó wà lábẹ́ tábìlì ni wọ́n ń wí. CPU gan-an kò ju bí bísíkíìtì kan lọ, pẹlẹbẹ ni, ó sì máa ń fara pamọ́ sábẹ́ fáànù. Wọ́n fẹ́ràn láti máa pè é ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Èmi ò fẹ́ràn àfiwé yẹn rárá. Ọpọlọ ń ronú, ó ń bínú, ó ń gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyàwó. Èyí kò ṣe ìkankan nínú wọn. Télọ̀ ni mo máa ń fi wé, télọ̀ kan tó yára bí iwin, àmọ́ tí kò lè dá nǹkan kan ṣe láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ: mú aṣọ yìí, wọ̀n ọ́n, fi wé ìyẹn, tó bá gùn jù padà sí ìlà kẹta. Ó mú ìlànà kan, ó kà á, ó ṣe é, ó na ọwọ́ sí èyí tó kàn. Àròpọ̀, ìfiwéra, gbígbé nǹkan láti ibì kan síbòmíì, gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìyẹn lọ. Fíìmù tí ẹ ń wò, orin tí ẹ ń gbọ́, ìwé owó orí tí ẹ ń kọ, àpapọ̀ irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Tí wọ́n bá kọ 3 GHz sára páálí rẹ̀, aago inú rẹ̀ ló ń lù ní bílíọ̀nù 3 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ìlù kan sí èkejì, ìmọ́lẹ̀ pàápàá, tí ohunkóhun kò yára tó, kò lè rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹ rí ìdí tí wọ́n fi ń fún àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ mọ́ra bẹ́ẹ̀. Intel 4004 tó jáde lọ́dún 1971 ní transistor 2,300. Apple M1 tó jáde lọ́dún 2020 ní bílíọ̀nù 16. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n tún máa ń dárúkọ "core": core mẹ́rin, core mẹ́jọ. Télọ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́jọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà nìyẹn. Tí aṣọ ẹbí bá pọ̀ nílẹ̀, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n télọ̀ mẹ́jọ kò lè jùmọ̀ rán fìlà kan ṣoṣo kó tètè tán, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iye core nìkan gba owó lọ́wọ́ yín.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù lọ ni mo fẹ́ dé báyìí.

Télọ̀ kì í ránṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó bá ń rán lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Tábìlì yẹn ni RAM. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó aṣọ gbogbo oníbàárà sí ni hard disk tàbí SSD. Tábìlì máa ń kéré, kọ́bọ́ọ̀dù máa ń tóbi, ìyàtọ̀ mìíràn sì wà tó ṣe pàtàkì: bí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì pòórá. Kọ́bọ́ọ̀dù kì í gbàgbé. Nígbà tí ẹ bá tẹ "save", ẹ̀ ń sọ fún télọ̀ pé kó gbé ohun tó wà lórí tábìlì lọ fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Àwa tí a ń sun òru ní sáíbá-kàfé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, tí a bá kọ lẹ́tà ìgbàwọlé sí yunifásítì fún wákàtí méjì, tí wọ́n sì mú iná lọ, a mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó ń tajà á rẹ́rìn-ín sí yín, á ní: "Memory rẹ̀ jẹ́ 512." Memory wo? Kọ́bọ́ọ̀dù ni 512 tó ń sọ yẹn. Ẹ bi í pé RAM rẹ̀ ńkọ́. Ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ díẹ̀, á ní mẹ́rin ni. 4GB lóde òní, tábìlì tí ìyá aláta fi ń pàtẹ ata ni, kì í ṣe èyí tí ẹ máa fi rán agbádá. Tí tábìlì bá kún, télọ̀ á máa ká aṣọ kan padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kó lè rí àyè tẹ́ òmíràn, lẹ́yìn náà á tún lọ mú ti àkọ́kọ́ wá. Ó ń sáré sókè sódò, aṣọ ò sì tán. Róbótó tó ń yí yẹn, ìrìn àjò télọ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́.

Báwo ni ìrìn náà ṣe jìn tó? Kọ́bọ́ọ̀dù oríṣi méjì ló wà. Hard disk jẹ́ àwo tó ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ laptop àtijọ́, ó ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 90 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì máa fò lórí rẹ̀ láìfara kàn án, á máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. SSD kò ní ohun tó ń yí. Iná ló ń fi kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú flash, irú èyí tó wà nínú fóònù yín, tí ẹnjiníà ará Japan kan, Fujio Masuoka, ṣe ní iléeṣẹ́ Toshiba ní àwọn ọdún 1980. Ẹ jẹ́ kí n fi àkókò tiwa wọ̀n ọ́n. Ká ní ìṣẹ́jú kan ni télọ̀ fi ń na ọwọ́ mú nǹkan lórí tábìlì. Tó bá jẹ́ inú SSD ló ti fẹ́ mú un, á gbà á tó wákàtí 16. Tó bá jẹ́ inú hard disk, á rìn fún oṣù méjì lé kó tó padà dé. Oṣù méjì! Bí ẹni fi ẹsẹ̀ rìn láti Èkó lọ sí Kano lọ ra òwú, tó tún fi ẹsẹ̀ bọ̀.

Lọ́dún 2023, arábìnrin wa kan, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, wá bá mi nípa laptop ọmọ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ti sọ fún un pé ó ti gbó, kó lọ ra tuntun, 700 dọ́là. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ń fi ìka ṣírò iye òru tó máa fi kún iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù yẹn. Mo tú ìdí laptop náà. RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, hard disk tó ń yí ló wà nínú rẹ̀. CPU rẹ̀ ò ṣàìsàn rárá, télọ̀ gidi ni, tábìlì ló kéré, kọ́bọ́ọ̀dù ló jìnnà. A ra RAM 8GB kan àti SSD 500GB kan, owó méjèèjì ò pé 70 dọ́là. Mo da gbogbo ohun tó wà nínú hard disk kọ sínú SSD, mo fi síkúrù dì í padà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó jí. Lọ́jọ́ yẹn, kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Màmá náà wò mí bí ẹni pé mo pidán. Kò sí idán kankan níbẹ̀, screwdriver ló wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ o. Owó RAM gbéra sókè gan-an ní ìparí ọdún 2025 nítorí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń kó o fún AI, nítorí náà ẹ wo iye rẹ̀ kí ẹ tó pinnu. Àwọn laptop kan sì wà, pàápàá àwọn pẹlẹbẹ, tí wọ́n jó RAM wọn mọ́ inú. Bẹ́ẹ̀ ni MacBook Air ṣe rí láti ìgbà tó ti jáde lọ́dún 2008. Irú ìyẹn, iye RAM tí ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ máa bá kú. Mo korò ojú sí àṣà yìí, ó dà bí kí wọ́n kàn tábìlì mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì ní tí oníbàárà bá pọ̀ kí télọ̀ lọ kọ́ ilé mìíràn.

Kí ẹ tó náwó, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá lọ sí Performance. Ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò, kí ẹ wo Memory. Tó bá ti lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tábìlì ti kún. Ẹ wo Disk: bí wọ́n bá kọ HDD síbẹ̀, àwo tó ń yí ni; bí wọ́n bá kọ SSD, ẹ ti mọ̀. Bí HDD bá ń wà ní 100 ṣáá nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan ńlá kan, ẹ ti rí ọ̀tá yín.

Ohun tí wọ́n tò gbogbo wọn lé lórí ni motherboard, pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọ̀nà tín-ín-tín wà káàkiri ara rẹ̀ bí ìlà ọwọ́. Kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti ojú kọ̀ǹpútà ń gba ibẹ̀ bá CPU sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà k, kíbọ́ọ̀dù á sọ bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀, CPU á sọ ọ́ di 107, á gbé 107 sórí tábìlì, á wá ìrísí rẹ̀, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán á sì tan àwọn àmì tó-tò-tó lójú sikirínì títí yóò fi jọ k. Gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ kí ìka yín tó kúrò lórí bọ́tìnnì.

Iná ńkọ́? Níbí, ohun tó ń ti ara ògiri jáde jẹ́ volt 120. Ní Nàìjíríà, 230 ni. CPU fúnra rẹ̀ kò lò ju nǹkan bíi volt kan lọ. Ẹ̀yà tó ń dín in kù, tó ń sọ ọ́ di 12, 5 àti 3.3, ni power supply. Tó bá jẹ́ laptop, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà. Bí ẹ bá rí "INPUT 100-240V", ọkàn yín balẹ̀, ó lè jẹ iná Èkó, ó lè jẹ iná Houston. Desktop àtijọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnnì pupa kékeré kan lẹ́yìn tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Tí 115 bá wà níbẹ̀ tí ẹ sì fi sínú àgbá ránṣẹ́ sílé, tí àbúrò yín kì í bọ́jú wẹ̀yìn kó tó kì í bọ iná, ẹ máa gbọ́ ìró rẹ̀ lórí fóònù. Mo mọ ìdílé kan tó náwó ọkọ̀ ojú omi oṣù mẹ́ta lórí desktop kan, tó bú gbàù ní Ìbàdàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ti bọ́tìnnì yẹn sí 230 kí ẹ tó di àgbá, ẹ sì lẹ ìwé mọ́ ọn lára.

Iná tó wọlé yìí á jáde bí ooru. Bí CPU bá gbóná jù, á dín ìyára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má bàa jó. Laptop tí wọ́n gbé lé orí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora ti dí ihò tó fi ń mí lábẹ́. Eruku sì máa ń di fáànù pa, àwọn tó ti gbé kọ̀ǹpútà la ọyẹ́ kọjá nílé mọ èyí dáadáa. Ẹ pa á, ẹ fẹ́ eruku jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́ inú agolo, kò ju dọ́là mélòó kan lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Tí laptop bá kú, àwọn èèyàn wa á ní fọ́tò ìsìnkú bàbá ti lọ, fídíò ìkómọ ti lọ. Wọn kì í sábà lọ. Bí télọ̀ bá kú, aṣọ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ yọ hard disk tàbí SSD rẹ̀, ẹ ra páálí USB tí wọ́n ń fi sí, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Bí hard disk bá ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́ ni ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ má tan án lọ tàn án bọ̀, ẹ kọ́kọ́ da ohun tó ṣe iyebíye kọ síbòmíì. SSD kì í dún kó tó kú, nítorí náà ẹ̀dà méjì ni mo máa ń ní kí wọ́n ní, ọ̀kan kó má sì sí nínú ilé kan náà.

Bí aṣọ ṣe ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún yín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wà níbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Tí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ lórí hard disk, kọ̀ǹpútà kò fọwọ́ kan fáìlì náà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló pa nínú ìwé àkọsílẹ̀, á ní àyè yẹn ti ṣófo. Ẹni tó bá ní ètò tí wọ́n ń fi wá a lè kà á jáde. Lọ́dún 2003, àwọn méjì ní MIT, Simson Garfinkel àti Abhi Shelat, kọ ìwé nípa hard disk àlòkù 158 tí wọ́n rà káàkiri. Nọ́ńbà káàdì owó tí wọ́n bá nínú wọn lé ní 5,000. Lọ́dún 2005, Basel Action Network láti Seattle lọ sí Èkó, wọ́n dé Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n kọ ìròyìn nípa bí àpótí ńláńlá 500 tó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ṣe ń gúnlẹ̀ ní èbúté lóṣooṣù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ pàǹtí lásán. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ àwọn oní-nǹkan nínú hard disk tí wọ́n rà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wá ro ohun tó wà nínú tiyín: nọ́ńbà Social Security, W-2, ẹ̀dà káàdì ìgbélùú, páásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ. Èmi ò ní kí ẹ má fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sílé o. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 tí gbogbo èèyàn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ dúró ní October 14, 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí CPU Intel wọn dàgbà ju ìran kẹjọ lọ, ìyẹn tó jáde lọ́dún 2017, kò sì lè gba Windows 11 lọ́nà tí Microsoft fọwọ́ sí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń tà wọ́n ní ẹdínwó. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀yà inú wọn. Linux, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á jókòó sínú wọn dáadáa, ọmọ iléèwé ní Òṣogbo á sì rí nǹkan fi kọ́ iṣẹ́.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde ni kẹ́ ẹ nu kọ́bọ́ọ̀dù. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Recovery, kí ẹ yan Reset this PC àti Remove everything. Ẹ má yára tẹ ìyókù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Clean data sí, kí ẹ tan án, torí láìsí ìyẹn orúkọ lásán ló máa pa. Tó bá jẹ́ hard disk, á pẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó sun ibẹ̀. Lórí Mac tó ní M1 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, Erase All Content and Settings ni. Èyí tó ti kú tí kò lè tàn mọ́, ẹ yọ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde kí ẹ tó gbé ìyókù lọ. Hard disk, ẹ fi dirílì lu ihò mẹ́ta sára àwo rẹ̀. SSD, àwọn ẹyọ dúdú orí rẹ̀ ni kí ẹ fọ́. Bátìrì ni kí ẹ má lu o, kí ẹ má sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó lè gbiná. Ibi tí ìjọba ìlú yín ti ń gba ẹ̀rọ àlòkù ni kí ẹ gbé e lọ.